Ọdún wo ni wọ́n dá ẹgbẹ́ hurling abúlé wa sílẹ̀, níbo sì ni ìtàn àwọn obìnrin wà?

Òǹkàwé kan kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Abúlé kan ní Áyálándì ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ọmọkùnrin mi ń gbá hurling, eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù àwọn ará Áyálándì, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbá camogie, irú eré náà ti àwọn obìnrin. Wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìtàn ẹgbẹ́ abúlé wa. Wọ́n kọ 1887 sára ògiri yàrá ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ojú òun ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1954 nígbà tí abúlé méjì pa pọ̀. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti ń gbá a níbẹ̀ kí ìyàn ńlá tó dé. Ní ti camogie, ìlà kan péré ló wà nínú ìwé wọn àtijọ́, pé wọ́n tún un gbé dìde ní 1996. Ọmọbìnrin mi wá bi mí pé, ‘Dádì, tí wọ́n bá tún un gbé dìde, àwọn wo ló kọ́kọ́ ṣe é?’ Mi ò rí èsì fún un. Àlejò ni mí níbí, mi ò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún wo ni ká kọ, níbo la sì ti máa rí ìtàn àwọn obìnrin?”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì bá mi kí ọmọ yín obìnrin. Ìbéèrè rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín, mo sì máa dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú awuyewuye ọdún yìí palẹ̀. Mo ti bá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jókòó ní abúlé tó pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń fa ìjà. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn yín ń dáhùn, wọ́n sì rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìyàn ńlá ń sọ ìgbà tí wọ́n ti ń gbá eré náà lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó kọ 1887 ń sọ ìgbà tí àwọn ará páríṣì yẹn (agbègbè tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan) kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ GAA, àjọ tó ń ṣàkóso hurling àti eré ìbílẹ̀ Áyálándì mìíràn. Bàbá tó ń wí 1954 ń sọ ìgbà tí ẹgbẹ́ tó wà lónìí, pẹ̀lú orúkọ yìí àti àwọ̀ aṣọ yìí, bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jàre. Bí ẹ bá wọ ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ta ló jàre. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọdún mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ọdún kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń jẹ́rìí sí. Ariwo á lọ sílẹ̀ ní ìdajì.

Ọjọ́ orí eré yìí ju ti ẹgbẹ́ kankan lọ. Ní 1366, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ṣòfin ní Kilkenny kí àwọn èèyàn wọn má baà di ará Áyálándì pátápátá, wọ́n ka eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù yìí mọ́ ohun èèwọ̀. Ní 1527 ìlú Galway náà fòfin dè é. Ẹnikẹ́ni kì í fòfin de ohun tí ará ìlú kò ṣe. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1700, àwọn onílẹ̀ ńláńlá ti ń kó àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ wọn jọ, wọ́n ń gbé wọn ko àwọn ti onílẹ̀ mìíràn lójú, wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Àwọn abúlé náà ń bá ara wọn gbá a fúnra wọn. Ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, nígbà tí àrùn pa ànàmọ́ lóko, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti ibòmíràn láàárín ọdún mélòó kan. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò ní agbára eré. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ pé wọ́n ti ń gbá hurling ní abúlé yín kí ìyàn tó dé, ẹ má já a ní koro. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn eré náà. Ẹ má kàn kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́, ní ìtumọ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 1 oṣù Kọkànlá 1884. Ọjọ́ yẹn ni Michael Cusack, olùkọ́ tó wá láti Clare, àti Maurice Davin, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré ìdárayá láti Carrick-on-Suir, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ mìíràn pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì Hayes ní Thurles, tí wọ́n dá GAA sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Croke ti Cashel gbà láti jẹ́ alátìlẹ́yìn wọn, òun ni wọ́n fi sọ pápá ńlá Croke Park ní Dublin. Ọgbọ́n tó jẹ́ kí àjọ náà tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́ ni pé páríṣì ni wọ́n gbé e lé. Ṣọ́ọ̀ṣì ti wà níbẹ̀, ilé ìwé ti wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ti mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn àti ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí ìdíje gbogbo Áyálándì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1887, kò sí pé wọ́n ń ṣa eléré káàkiri káúńtì, ìyẹn ìpínlẹ̀ kékeré wọn. Ẹgbẹ́ tó bá borí ní káúńtì ló ń lọ. Àwọn ará Thurles ló gbé orúkọ Tipperary dání, àwọn ará Meelick gbé ti Galway, wọ́n sì gbá àṣekágbá ní Birr ní 1 oṣù Kẹrin 1888. Tipperary ló borí. Èèyàn 21 ló ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Wọ́n dín in kù sí 17 ní 1892, ó sì di 15 ní 1913. Ìdí nìyí tí ọdún bíi 1885 títí dé 1888 fi pọ̀ lára ògiri yàrá ẹgbẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ohun tó sábà máa ń wà lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan nínú ìwé ìròyìn, tàbí orúkọ aṣojú kan ní ìpàdé káúńtì, tàbí ìwé àwọn ọlọ́pàá, torí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí lójú méjèèjì.

Ibi tí wàhálà 1887 yín wà rèé. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn fi tú ká. Ní ìparí 1890, aṣáájú òṣèlú wọn, Charles Stewart Parnell, bọ́ sínú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tọkọtaya kan, orílẹ̀-èdè sì pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ọ̀pọ̀ àlùfáà dúró lápá kan, àwọn tó pọ̀ nínú olórí GAA dúró lápá kejì. Ní páríṣì tí àlùfáà kò ti fẹ́ rí ẹgbẹ́ náà sójú mọ́, ta ni yóò kó ọmọ wá sí pápá? Àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ sí ìlú òkèèrè lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tó wà ní 1887 lè má sí mọ́ ní 1893, kí ó tó tún yọjú ní nǹkan bí 1903 pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ gbá a. Ṣé ẹgbẹ́ kan náà ni? Ẹ bi ọmọ Ọ̀yọ́ pé ìgbà wo ni wọ́n tẹ ìlú rẹ̀ dó, kí ẹ wo bí yóò ṣe dáhùn. Ó mọ̀ pé Ọ̀yọ́ Ilé dahoro, ó mọ̀ pé Aláàfin Àtìbà ló sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1830, kò sì ní tìtorí èyí gbà fún yín pé ọmọ ìlú tuntun ni òun. Ibi tí ìtàn ti já, ó ń sọ ọ́. Ibi tí ó ti so pọ̀, ó ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ìwé yín ṣe.

Ní ti 1954, bàbá yẹn mọ ohun tó ń sọ, torí ìpapọ̀ wọ́pọ̀ gan-an ní ìgbèríko. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ tó lókìkí jù ṣe àpẹẹrẹ. Ballyhale Shamrocks, ní gúúsù Kilkenny, ti gba ife ẹgbẹ́ gbogbo Áyálándì nígbà mẹ́sàn-án, kò sí ẹgbẹ́ hurling tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Abúlé ni wọ́n o, kì í ṣe ìlú ńlá. Síbẹ̀, 1972 ni wọ́n dá orúkọ náà sílẹ̀, nígbà tí Ballyhale, Knocktopher àti Knockmoylan pa pọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ ibẹ̀ tó bá mọ eré gan-an lè bá ara rẹ̀ nínú aṣọ Carrickshock, ẹgbẹ́ àdúgbò tó gba ife káúńtì léraléra ní àwọn ọdún 1930 àti 1940, tó sì ń jẹ́ orúkọ ibi tí àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́pàá ti kọlu ara wọn ní 1831 nítorí owó tí wọ́n ń gbà tipátipá fún ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn ìpapọ̀, ní 1978, Ballyhale Shamrocks gba ife àgbà káúńtì fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n gba ti gbogbo Áyálándì ní 1981, ọmọ ìyá méje láti ìdílé Fennelly ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn wọn ni Henry Shefflin àti TJ Reid, àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré hurling, dé. Ṣé ẹnikẹ́ni lè sọ pé 1972 ni hurling dé Ballyhale? Rárá. Ṣé ẹnikẹ́ni sì lè sọ pé ẹgbẹ́ tó gba ife mẹ́sàn-án yẹn ti wà láti 1887? Rárá náà. Ohun tí wọ́n ní ni ẹgbẹ́ tuntun tí ó ní gbòǹgbò àtijọ́, wọn kò sì tijú ọ̀kankan.

Mo fẹ́ kí ẹ lóye ohun tó máa ń fa ìpapọ̀, torí òun ló máa ń dun àwọn àgbà. Nígbà tí ọmọ kò bá pé 15 mọ́ ní abúlé kan, tí àwọn ọ̀dọ́ ti lọ wá iṣẹ́ ní London tàbí Birmingham, ẹgbẹ́ méjì tó ti ń bá ara wọn jà fún ogójì ọdún yóò di ẹyọ kan. Ẹnìkan á pàdánù orúkọ. Ẹnìkan á pàdánù àwọ̀ aṣọ. Pápá ọ̀kan nínú wọn á di oko màlúù. Bí bàbá yẹn bá ń tẹnu mọ́ 1954, ẹ wádìí bóyá abúlé tirẹ̀ ni kò sí nínú orúkọ tuntun. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má jẹ́ kí 1887 abúlé kejì gbé ti àwọn baba rẹ̀ mì. Ẹ fún ẹgbẹ́ méjèèjì tó pa pọ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ wọn, àwọ̀ wọn àti pápá wọn.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín obìnrin. Ìdí àkọ́kọ́ tí camogie kò fi sí lára ògiri ni pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kò sí nínú GAA rí gẹ́gẹ́ bí òfin. Àjọ tiwọn lọ́tọ̀ ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ hurling ní 1955 kò ní ìdí láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìpàdé, àfi tí wọ́n bá wá tọrọ pápá tàbí tí wọ́n se oúnjẹ fún àlejò. Nígbà tí ẹnìkan bá fi ìwé ìpàdé yẹn kọ ìtàn lẹ́yìn ọdún 50, àwọn obìnrin á dà bí ẹni pé wọn kò gbá nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń pòórá nìyẹn.

Wọ́n gbá a o. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jà fún èdè ìbílẹ̀ Áyálándì ní Dublin ló dá camogie sílẹ̀ ní 1903 sí 1904. Máire Ní Chinnéide àti Cáit Ní Dhonnchadha wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n mú hurling, wọ́n dín pápá kù, wọ́n jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fúyẹ́, wọ́n sì gbá ìdíje ìta gbangba àkọ́kọ́ ní Navan ní 17 oṣù Keje 1904. Yẹ̀rì gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Ẹ ro bí ìyẹn ṣe rí lórí koríko tútù, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Eré àwọn obìnrin ìlú ńlá tó kàwé ló kọ́kọ́ jẹ́, àwọn olùkọ́ ilé ìwé sì wà lára àwọn tó gbé e dé ìgbèríko díẹ̀díẹ̀. Ìdíje gbogbo Áyálándì láàárín àwọn káúńtì bẹ̀rẹ̀ ní 1932, Dublin ló gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Galway. Ìyapa wáyé nínú àjọ náà ní àwọn ọdún 1930, nípa èyí tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi wà lábẹ́ àjọ kan, tí àwọn mìíràn wà lábẹ́ òmíràn. Bí ẹ bá rí ẹgbẹ́ camogie abúlé yín nínú ìwé ìròyìn ní ọdún kan tí ẹ kò sì rí i ní èkejì, ẹ má yára sọ pé ó kú.

Ohun kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ìgbìmọ̀ gbọ́. Ìdíje ẹgbẹ́ gbogbo Áyálándì ti camogie bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ti hurling kò bẹ̀rẹ̀ títí di sáà 1970 sí 1971, tí Roscrea gbà á. Nígbà tí àwọn obìnrin St Patrick's láti Glengoole, abúlé kan ní Tipperary, gba ife náà ní 1965 àti 1966, kò tíì sí irú ife bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọkùnrin kankan ní orílẹ̀-èdè náà lè gbà. Tí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ yín bá sọ pé camogie jẹ́ ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn, ẹ ka ọdún wọ̀nyẹn sí i létí.

Kí ló dé tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin fi ń kú, tí wọ́n sì ń tún un gbé dìde? Ìṣílọ wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 àwọn ọmọbìnrin ìgbèríko kó lọ sí Bìrìtìkó lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Ìgbéyàwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà yẹn, bí obìnrin bá ti lọ́kọ, ìlú gbà pé eré ti parí. Òfin tilẹ̀ bá wọn lọ́wọ́ sí i: láti 1934 títí di 1958, olùkọ́ obìnrin tó gba iṣẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ bó bá ṣègbéyàwó, ti òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì kúrò títí di 1973. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún abúlé tí olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí pápá. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ ikú ẹgbẹ́. Wọn kò sì ní pápá tiwọn. Nítorí náà, “wọ́n tún un gbé dìde ní 1996” lè jẹ́ ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin tí àwọn obìnrin páríṣì yín bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Ẹ óò wá a tì tí ẹ bá ń wá a bí ẹni ń wá hurling. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹgbẹ́ camogie kì í tẹ̀ lé ààlà páríṣì bí ti àwọn ọkùnrin. Èèyàn 12 ni wọ́n ń lò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan títí di 1999 tí wọ́n sọ ọ́ di 15, síbẹ̀ 12 pàápàá lè wọ́n, kí abúlé mẹ́ta dara pọ̀ lábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan tí kò jọ orúkọ ẹgbẹ́ yín rárá. Ẹ wá orúkọ àwọn eléré, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ nìkan. Èkejì, orúkọ ilé bàbá wọn ni ìwé ìròyìn kọ, orúkọ ọkọ wọn ni ẹ mọ̀ wọ́n sí báyìí. Màmá àgbà tó ń jókòó níwájú yín ní ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ẹni tó gba góòlù mẹ́ta wọlé ní àṣekágbá 1958, kí ẹ máa ka orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé òun ni. Ẹ ṣe ìwé kékeré kan tí ẹ óò máa kọ orúkọ méjèèjì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.

Ibi tí ẹ óò wò pọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ilé ìkàwé káúńtì yín yóò ní ìwé ìròyìn àdúgbò àtijọ́. Ìwé ìròyìn Irish Press, tó jáde láti 1931 sí 1995, fún eré ìbílẹ̀ láyè ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ wá camogie níbẹ̀. Ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ ilé tí àwọn eléré àkọ́kọ́ ti wá àti iṣẹ́ tí àwọn òbí wọn ń ṣe. Láàárín 1937 àti 1939, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní káúńtì 26 tó wà lábẹ́ ìjọba Dublin kọ ohun tí àwọn àgbà sọ fún wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ hurling ìgbà ìwáṣẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, òun náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ará ẹgbẹ́ yín kan bá ja ogun òmìnira, ẹ wo ẹ̀rí tí ìjọba gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn jagunjagun láàárín 1947 àti 1957. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé ìròyìn o: akọ̀ròyìn ìgbà náà lè pe ẹgbẹ́ kan náà ní orúkọ abúlé lónìí, orúkọ páríṣì lọ́la, kí ó sì kọ orúkọ eléré kọ́lọkọ̀lọ.

Ẹ má sì gbàgbé agbẹ́gi tó ń ṣe ọ̀pá fún wọn. Ìdí igi kan tí wọ́n ń pè ní ash, níbi tí ó ti ń tẹ̀ wọ gbòǹgbò, ni wọ́n ti ń gé ọ̀pá hurling, ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn ní abúlé sì mọ gbogbo eléré, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Láti 2012 ni àrùn ti wọ inú igi náà ní Áyálándì, iṣẹ́ wọn sì ń nira. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní ojú ìwé kan.

Àwọn obìnrin àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ tó wọ ilé ìkàwé kankan. Ìwé ìròyìn á dúró dè yín. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo. Ọdún máa ń yọ́ lọ́kàn èèyàn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní pápá, ta ni olùkọ́ yín, oko ta lẹ ti ń gbá a, ta ló fi ọkọ̀ gbé yín lọ, àwọ̀ wo lẹ wọ̀, ta ló rán aṣọ náà. Ẹ gbé àwòrán sí iwájú wọn. Bí ẹnìkan bá sọ pé “èmi ò ṣe nǹkan kan, mo kàn gbá díẹ̀ ni,” ẹ jókòó pẹ́ díẹ̀ sí i. Àwọn tó gba mẹ́dàlì wà nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Níbí yìí, àlejò tí ẹ jẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún yín: bàbá yín àgbà kò sí nínú ìjà 1954, wọn á sọ fún yín ohun tí wọn kò ní sọ fún ọmọ ẹni tó gba orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ ibẹ̀ kan dání tó mọ orúkọ oko àti orúkọ ìdílé, torí ìdílé márùn-ún lè jẹ́ orúkọ kan náà láìbátan.

Ẹ wá bi mí ní ọdún tí ẹ óò kọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè fi 1887 sílẹ̀ nìkan. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn á dùn, ṣùgbọ́n ìpapọ̀ á farasin, obìnrin kankan kò sì ní sí nínú rẹ̀. Ẹ lè sọ ọ́ di 1954 nìkan; ó péye fún ẹgbẹ́ tó wà lónìí, ṣùgbọ́n ẹ óò ti gé àwọn baba ńlá wọn kúrò, mi ò sì rí páríṣì tó gba irú rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí gbogbo rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́: hurling lábẹ́ GAA ní páríṣì yìí láti 1887, ẹgbẹ́ yìí láti 1954, camogie láti ọdún tí ẹ bá rí ẹ̀rí rẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tí ó dáwọ́ dúró àti ìgbà tí ó padà. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé kò rọrùn láti kọ sára fìlà. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi kò lè jókòó síbí kí n sọ pé 1887 yín dúró. Ìwé tó wà ní káúńtì yín ló máa sọ. Bí ẹ bá wá a tí kò sí ju ìwé ayẹyẹ kan tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ẹ kọ ọ́ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti camogie, ẹ má fún un ní orí kan ní ìparí ìwé. Ẹ tò ó sínú ọdún pẹ̀lú hurling, kí 1958 jẹ́ 1958 fún gbogbo wọn. Ibi tí ohun tí ẹ rí kò bá tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí ó kúrú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ó ti di ti gbogbo ilé, ẹ wo Slaughtneil ní Derry, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953: ní 2016 wọ́n gba ife Ulster ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ìbílẹ̀, ní hurling àti ní camogie, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin wọn gba ife camogie gbogbo Áyálándì ní 2017, 2018 àti 2019 tẹ̀léra tẹ̀léra. Ẹni tó bá kọ ìtàn ibẹ̀ láìsí wọn kò kọ nǹkan kan.

Àsìkò náà tọ́ láti ṣe é. Ní 2018 àjọ UNESCO fi hurling àti camogie sínú àkójọ àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé ayé. Ní oṣù Karùn-ún 2025 àjọ camogie gbà níkẹyìn kí àwọn eléré máa wọ ṣòkòtò pénpé tí wọ́n bá fẹ́. GAA àti àwọn àjọ obìnrin méjèèjì (ti camogie àti ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ìbílẹ̀) sì ń múra láti di ọ̀kan, 2027 ni wọ́n fi ṣe àfojúsùn. Nígbà tí àwọn àjọ bá ń pa pọ̀, àpótí ìwé máa ń sọnù láàárín ilé akọ̀wé àtijọ́ àti ti tuntun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé camogie káúńtì yín báyìí ibi tí ìwé wọn wà, kí ẹ tọrọ àyè láti ya àwòrán ojú ewé wọn.

Bí ẹ bá rí àwòrán camogie àtijọ́ kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn páríṣì tọ̀sẹ̀tọ̀sẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà sórí ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè orúkọ. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó wà láàyè kí àwòrán wọn tó wọ ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín obìnrin bá yín lọ bá àwọn màmá náà, kí ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ dání, kí òun fúnra rẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè tó bi yín.